Ìlù Lórí Tákàdá

Ẹni tí ó bá ti kọ́ ìwé kíkà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé kọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé ohùn orin pẹ̀lú ṣeé kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé wa léèrè bí a ti ń kọ ìlù sínú ìwé, púpọ̀ nínú wọn ni yóò rẹ́rìn-ín, nítorí wọn kò rí onílù kan rí tí ó tẹ́ ìwé síwájú kí ó tó na ọwọ́ sí awọ. Wọn kò sì ṣìnà. Ọmọ Àyàn a máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Etí ni ó fi ń kà á, ọwọ́ ni ó sì fi ń kọ ọ́. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún wá, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó, àwọn míṣọ́nnárì, àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pàápàá, ti ń wá ọ̀nà láti fi ìlù ilẹ̀ Áfríkà sí orí tákàdá. Ìtàn làálàá wọn ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti eré. Ní ayé àtijọ́, ọmọ tí a bá bí sí agbo ilé onílù kì í wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an, ìbáà ṣe Àyánwálé tàbí Àyántúndé, ti sọ ohun tí yóò ṣe kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn. Lónìí ilé-ìwé ti gba ọmọ náà; ó lè di nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé báńkì, a kò sì lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni òye bàbá rẹ̀ yóò gbà dé ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ? Bí ó bá ṣe pé ìwé ni yóò gbé e dé ibẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí ìwé bá gbàgbé, ìran tí ń bọ̀ kò ní mọ̀ pé ó ti wà rí. Bí ìwé bá sì ṣì í kọ, àṣìkọ náà ni wọn yóò jogún.

Ohun méjì ni ẹni tí ó fẹ́ kọ ìlù Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ: ohùn àti àsìkò. Ohùn ni bí ìró ti ga tàbí bí ó ti lọ sílẹ̀ tó. Àsìkò ni ìwọ̀n àlàfo tí ó wà láàrin ìró kan àti èkejì rẹ̀. Ní ti ohùn, a lè wí pé a ti ní i lọ́wọ́ tipẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí ìlù ni a fi wá a. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, tí ó sì tún un ṣe ní 1852, ó ti hàn gbangba pé lẹ́tà òyìnbó nìkan kò lè ru ẹrù èdè wa, nítorí náà a fi àmì ohùn lé orí ọ̀rọ̀. Ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875 ni a ti jíròrò lórí bí gbogbo wa yóò ti máa kọ Yorùbá ní ọ̀nà kan náà. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀nà ti là fún dò, re, mí tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn. Olùkọ́ tí ó bá kọ dò-mí-mí sí ara pátákó fún “bàbá dé” ti kọ ohun tí ìyáàlù yóò fọ̀, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé ohùn nìkan kì í tó fún olùgbọ́. “Bàbá dé”, “ìlú kún” àti “àgbá fọ́” jẹ́ dò-mí-mí bákan náà, ìyáàlù kò sì ní ètè tí yóò fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ìdí nìyí tí onílù kì í fi sọ gbólóhùn kúkúrú kan kí ó sì dákẹ́. A máa fi oríkì gùn ún, a máa tún un wí, títí etí olùgbọ́ yóò fi mú èyí tí ó ń wí. John Carrington, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Kóńgò, rí irú ohun kan náà láàrin àwọn ará Lokele, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kan lórí ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ní 1949.

Ti àsìkò ni ó ṣòro. Nígbà tí olóyè bá ń wọlé bọ̀, tí ìyáàlù ń kí i, bí ẹnu ti ń sọ̀rọ̀ ni ìlù náà ń lọ. Ó ń dúró níbi tí ẹnu yóò ti dúró, ó ń yára níbi tí ẹnu yóò ti yára, kò sì sí ẹni tí ó lè jó sí i. Ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá ti wọlé, tí kẹríkẹrì àti ìsáájú tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wá àyè jókòó sí láàrin wọn. Akin Euba, tí a bí ní Èkó ní 1935, tí ó sì kú ní 2020, ṣe àlàyé yìí dáradára nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún tí ó jáde ní ilẹ̀ Jámánì ní 1990. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín in sí: ọ̀rọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ ijó, àti orin. Ẹni tí ó bá kọ ohùn àwọn méjì ìkẹyìn sílẹ̀ tí kò kọ àsìkò wọn dà bí ẹni tí ó ka orúkọ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí kò sọ iye máìlì tí ó wà láàrin ọ̀kan àti èkejì.

Ohun èlò àkọ́kọ́ tí ó wà ní àrọ́wọ́tó àwọn olùkọ́ wa ni tonic sol-fa. John Curwen (1816–1880), òjíṣẹ́ ìjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ọ̀nà tí Sarah Glover ti ìlú Norwich fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lórin, tí ó tún un ṣe, tí ó sì tàn án káàkiri. Àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e dé ibi gbogbo tí wọ́n dé. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ bí ó ti rí. Lẹ́tà ni a fi ń kọ ohùn: d, r, m. Àsìkò ni a fi àmì kọ: àmì ìdánudúró méjì tí ọ̀kan gun orí èkejì fi ìlù ọkàn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ìlà kékeré sì ń sọ pé kí a fa ohùn náà gùn. Bí a bá fẹ́ kọ “bàbá dé” ní ọ̀nà yìí, a lè kọ ọ́ báyìí:

| d : m | m : — |

Ó rọrùn, ó sì pọ́n dandan kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà gígùn tí ó dúró ṣánṣán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún akọrin pé ohun tí ó tẹ̀lé e lágbára ju àwọn yòókù lọ, pé níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń balẹ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé orin onílà márùn-ún àwọn òyìnbó pẹ̀lú. Ìlà kékeré yìí ni ó dá gbogbo ìjà tí a fẹ́ ròyìn sílẹ̀.

Nínú ìjọ, ohùn ni ogun kọ́kọ́ dé bá. A mú orin ìyìn àwọn òyìnbó, a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a sì fi í sí abẹ́ ohùn orin tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi lè di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. T. K. E. Phillips (1884–1969), ẹni tí ó jẹ́ atẹdùùrù Kàtídírà Christ Church ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kí ohùn orin lè máa tọ ohùn ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ìdàpọ̀ ọ̀rọ̀ àti orin ni ó sì fi ṣe kókó rẹ̀. Ohun tí ó ṣe tóbi. Ṣùgbọ́n ti àsìkò ìlù ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn tí yóò tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi agogo ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó rọrùn jù nínú gbogbo ohun èlò: irin ni, kò sì ní oríkì tí ó ń kì. Ọwọ́ agogo kan wà tí a ń gbọ́ láti ilẹ̀ Ewe ní Gánà àti Tógò títí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan tí ó kọ̀wé lórí orin Yorùbá ń pè é ní kóńkóló. Bí a bá pín ìyípo rẹ̀ sí ẹyọ méjìlá tí ó dọ́gba, báyìí ni ó rí. X ni ibi tí a lu irin, àmì ìdánudúró sì ni ibi tí a dákẹ́:

x . x . x x . x . x . x

Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ení, èjì, dé èjìlá láì sáré, kí wọ́n sì máa fi ìka kan tábìlì níbi tí x bá wà. Wọn yóò rí i pé ìgbà méje ni a lu agogo: ní ìkínní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá àti ìkejìlá. Níbo ni ẹsẹ̀ oníjó yóò ti balẹ̀? Bí ó bá jẹ́ pé ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni, yóò balẹ̀ ní ìkínní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá. Ẹ fi wéra: ibi méjì péré, ìkínní àti ìkẹwàá, ni ẹsẹ̀ àti agogo ti pàdé. Ní ibi méjì yòókù, nínú ìdákẹ́jẹ́ ni ẹsẹ̀ ń balẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ẹnìkan tí kò mọ ijó náà tẹ́tí sí agogo nìkan. Yóò gbọ́ ìkínní, ìkẹta àti ìkarùn-ún, yóò sì wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Mo ti mọ̀ ọ́n, méjì-méjì ni wọ́n ń kà á.” Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí mì sí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ka dé ìkeje, agogo ti sá fún un; ní ìkẹsàn-án kò bá a; ní ìkọkànlá kò bá a. Ìlàjì àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá, ìlàjì kejì sì sẹ́ ẹ pátápátá. Níbo wá ni òǹkọ̀wé yóò fa ìlà gígùn rẹ̀ sí? Bí ó bá fà á fún ìṣirò méjì-méjì, yóò dà bí ẹni pé agogo ń ṣe wèrè ní ìlàjì kejì. Bí ó bá sì fà á fún mẹ́ta-mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ìṣísẹ̀ oníjó tẹ́lẹ̀, èyí tí kò sí nínú ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́wọ́ agogo.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ní Yúróòpù kò rí oníjó rárá. Erich von Hornbostel, ní ìlú Berlin, ń gbọ́ ìlù wa láti inú ẹ̀rọ tí ó gba ohùn sí ara ìda. Nínú àpilẹ̀kọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1928, ó wí pé etí ni àwọn òyìnbó fi ń mọ ìlù, ṣùgbọ́n ara ni onílù Áfríkà fi ń mọ̀ ọ́n, pé gbígbé ọwọ́ sókè jẹ́ apá kan ìlù náà gẹ́gẹ́ bí sísọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a wí nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ kan bo gbogbo Áfríkà mọ́lẹ̀, a sì rò pé ìbáwí náà tọ́. Síbẹ̀ ó kó òótọ́ díẹ̀: ẹni tí ó ka ohun tí a gbọ́ nìkan kò tíì kà á tán.

Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ ti mú kí ìwé di asán. Òtítọ́ ni pé bí a bá fẹ́ gbọ́ ohùn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ẹni tí ó kú ní 1930, a lè gbọ́ ọ láti inú àwọn àwo tí ó kọrin sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ṣùgbọ́n àwo kì í sọ ọwọ́ tí ó lu awọ, kì í sì í ya ìlù mẹ́rin tí ó ń dún pọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ wọ́n.

Ẹni tí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kọjú sí ìṣòro yìí ni A. M. Jones (1889–1980), míṣọ́nnárì tí ó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Mapanza, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zambia lónìí. Ó mọ̀ pé etí òun lè tan òun jẹ, ó sì ṣe ẹ̀rọ kan. Dípò kí onílù lu awọ, yóò mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì máa fi lu pẹlẹbẹ irin. Nígbàkúgbà tí irin bá kan irin, iná mànàmáná yóò fi àmì kan sí ara bébà tí ń sún lọ láìdúró. Bí onílù méjì bá lù pọ̀, ìlà àmì méjì ni yóò wà lórí bébà náà, Jones yóò sì fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàrin wọn. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó rí olùkọ́ ńlá kan bá ṣiṣẹ́: Desmond Tay, ọ̀gá onílù ọmọ Ewe. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde ní 1959 ní ìdìpọ̀ ìwé méjì, èkejì sì kún fún ìlù àti orin tí a kọ sórí ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí ìwé náà ṣe. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan, rò pé ariwo ni ìlù, pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn ni ó ń lu ohun tí ó bá wù ú. Jones fi rúlà hàn wọ́n pé ìwọ̀n wà níbẹ̀, àti pé ìwọ̀n náà ṣe déédéé gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ fa ìlà gígùn, ó ṣe ohun tí ó yà wá lẹ́nu: ó fún ìlù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ibi tí gbólóhùn ìlù kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ó fa ìlà rẹ̀ sí, láì wo ibi tí ìlà ìlù kejì wà. Nítorí náà, lórí ìwé rẹ̀, ìlù mẹ́ta dà bí arìnrìn-àjò mẹ́ta tí ó gba ọ̀nà kan náà, tí olúkúlùkù wọn sì ní aago tirẹ̀ lọ́wọ́.

Kwabena Nketia (1921–2019), ọmọ Mampong ní ilẹ̀ Asante, kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ó fà fún gbogbo wọn. Nínú ìjà yìí, ọ̀dọ̀ Nketia ni àwa wà. Ẹsẹ̀ kan náà ni àwọn oníjó ń gbé; àwọn onílù sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ náà wà, bí wọn kò tilẹ̀ lù ú. Bí ìlù kan bá ń bọ́ sí àárín ìṣísẹ̀, adùn rẹ̀ wà nínú pé ìṣísẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀ tí ó ń yà kúrò lára rẹ̀. Bí a bá fún un ní ìlà tirẹ̀, a ti sọ ọ́ di ìlù gbọọrọ lásán, a sì ti pa adùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí obìnrin kan tí ó fi ejìká dá ìyáàlù lóhùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ agogo yóò mọ ohun tí a ń wí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Anthony King kọ ìlù àti orin ìsìn Èkìtì sórí ìlà, Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1961. Tìmì Ẹdẹ, Adétóyèsè Láoyè Kìíní, ẹni tí ó jọba láti 1946 sí 1975, tí ó sì mọ ìlù lù fúnra rẹ̀, kọ̀wé láti ṣàlàyé àwọn ìlù wa fún ayé. Lẹ́yìn wọn ni Euba, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon ní 1974, ṣe iṣẹ́ dùndún tí a ti dárúkọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lè ka orin onílà márùn-ún? Kì í ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, Philip Harland rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù ní 1962, James Koetting sì kọ ọ́ jáde ní 1970: kí a fa àpótí kéékèèké tí ó dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì fi àmì sínú èyí tí a bá lù, kí a fi èyí tí a kò lù sílẹ̀ lófìfo. Ohun tí a ṣe fún agogo lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun ní ayé. Ní ilẹ̀ Kòríà, ní ìgbà Ọba Sejong tí ó jọba láti 1418 sí 1450, a ti ń kọ orin sínú àpótí onígun mẹ́rin.

Fún irú ibi tí àwa ń gbé, ọ̀nà yìí wúlò púpọ̀. Ìbà Housing Estate, ọ̀kan nínú àwọn ibùgbé tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ láàrin 1979 àti 1983, kún fún ènìyàn láti ìlú gbogbo. Àwórì ni ó ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n Ègùn, Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti àwọn mìíràn ni a jọ ń gbé ilé olójúlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ọ̀jọ́ àti ní Okokomaiko. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lu ìlù nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọmọ Àyàn. Lára ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, tàbí lára ohun tí wọ́n rí nínú fóònù. Òtítọ́ ni pé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ nítòsí, a sì ń kọ́ni ní orin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá kò lè dúró de yunifásítì. Ìwé ìṣirò onígun mẹ́rin kò wọ́n, ó sì to fún iṣẹ́ yìí.

Àpótí ní àbùkù tirẹ̀. Ó yọ ìlà gígùn kúrò, èyí dára. Ṣùgbọ́n ó yọ ẹsẹ̀ oníjó kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìlà agogo nínú àpótí lè lù ú láìṣì, kí ó sì máa gbọ́ ọ ní méjì-méjì títí ayé. Nítorí náà ìlà kejì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹsẹ̀.

Àwọn ará Íńdíà ti ronú nípa ẹsẹ̀ yìí jinlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Ìlù wọn tí à ń pè ní tabla jẹ́ méjì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Wọ́n fi nǹkan dúdú kan, tí a fi ìyẹ̀fun, èédú àti èérún irin pò, lẹ ojú awọ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílù wa ti ń fi ìda lẹ ojú gúdúgúdú àti bàtá. Lílù kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ẹnu ń pè: dha, dhin, tin, ta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu pè é tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó lù ú. Ìyípo tí ó lókìkí jù lọ ní ẹyọ mẹ́rìndínlógún; a máa pàtẹ́wọ́ ní ìkínní, ìkarùn-ún àti ìkẹtàlá, ṣùgbọ́n ní ìkẹsàn-án, ọwọ́ òfìfo ni a ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìlù ọwọ́ òsì tí ó ń dún kíkan a sì fi ohùn rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún òfìfo ní orúkọ, wọ́n sì kà á mọ́ iṣẹ́.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, àwọn ọkùnrin méjì kan wá ọ̀nà láti kọ èyí sílẹ̀. Vishnu Digambar Paluskar (1872–1931) dá ilé-ẹ̀kọ́ orin sílẹ̀ ní Lahore ní 1901. Vishnu Narayan Bhatkhande (1860–1936), tí ó jẹ́ lọ́yà ní Bombay, kó orin jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìdílé tí kò fẹ́ tú àṣírí wọn. Nínú ìwé Bhatkhande, ọ̀rọ̀ ẹnu onílù fúnra rẹ̀ ni a kọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni a fi X sí fún ìkínní, òǹkà fún àtẹ́wọ́ yòókù, àti 0 fún ọwọ́ òfìfo. Kò yá ìlà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni ó gbé kalẹ̀, ó sì fi òǹkà dì í mú.

Ǹjẹ́ a ní irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀? A ní in, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlù ni ó ní in. Ọmọ onídùndún ń kọ́ gbólóhùn tí ó ní ìtumọ̀. Àwọn onibàtá ni ó ní ẹnà. Gbogbo ọmọdé Yorùbá mọ ẹnà, èdè eré tí a fi ń da àgbàlagbà láàmú. Ṣùgbọ́n ẹnà bàtá jẹ́ ti iṣẹ́. Ìyáàlù bàtá ní ojú méjì: ojú òjò, tí ọwọ́ ń lù, àti ṣáṣá, tí bílálà ń nà. Kò ní ọsán tí a lè fún kí ohùn rẹ̀ máa yọ́ bí ti dùndún, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa wí pé akólòlò ni. Ẹnà ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ọwọ́: onílù yí ọ̀rọ̀ padà sí ẹnà lẹ́nu, ìró inú ẹnà náà sì sọ fún un irú lílù tí ọwọ́ yóò ṣe. Amanda Villepastour kọ́ èyí lọ́dọ̀ Rábíù Àyándòkun ti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó sì tú u palẹ̀ nínú ìwé kan tí ó jáde ní 2010. Ó pẹ́ kí a tó rí i kà. Ohun tí a pè ní kíkólòlò, ètò ni.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ohùn àti àsìkò bá pínyà, kí a wo Kúbà. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ gbé bàtá kalẹ̀ níbẹ̀: ìlù mẹ́ta, iyá, itótele àti okónkolo. Ní 1936 ni Fernando Ortiz (1881–1969) mú wọn wá síwájú àwùjọ ní Havana fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kọ ìwé ńlá lórí àwọn ohun èlò orin ibẹ̀ láàrin 1952 àti 1955, pẹ̀lú ọwọ́ ìlù tí a kọ sórí ìlà. Ní ibẹ̀, èdè Yorùbá kì í ṣe èdè ojoojúmọ́ mọ́. Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ. Ìlù ni ó kù. Àsìkò rẹ̀ pé pérépéré, ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ bàbá láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú gbólóhùn tí ìyáàlù ń wí, ẹni tí ń lù ú kò lè túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìwé onílà gba gbogbo ohun tí ó kù níbẹ̀ láìṣòro, nítorí pé ohun tí ó kù ni ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ.

Àwa ní ohun tí Kúbà kò ní: àwọn tí ń lù ú àti àwọn tí ń gbọ́ ọ ṣì jọ ń sọ èdè kan. Nítorí náà ìlà mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí ó wà nínú ìwé onígun mẹ́rin ọmọ ilé-ìwé. Agogo ni yóò wà lókè, ẹsẹ̀ láàrin, ọ̀rọ̀ ìyáàlù pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, sílébù kan nínú àpótí kan. Kí a kọ “bàbá dé” sí àpótí ìkínní, ìkẹta àti ìkarùn-ún: yóò bá agogo lọ ní gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹsẹ̀ yóò sì balẹ̀ lórí “bà”. Kí a wá gbé e lọ sí ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ohùn kò yí padà, ìtumọ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n orí “bá” ni ẹsẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, “dé” nìkan ni ó sì bá agogo pàdé. Àmì ohùn tí a jogún láti ìgbà Crowther kò lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn, ìlà onílù òyìnbó kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ tí a wí. Lójú ìwé yìí, ọmọ yóò rí wọn pọ̀.

Oríkì tí ìyáàlù ń kì nígbà tí kò sí ẹni tí ń jó kò yẹ kí ó wọ inú àpótí rárá. Kí a kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì fi àlàfo gígùn sílẹ̀ níbi tí onílù bá ti mí. Ó ku ohùn tí ń yọ́ láti òkè wá sílẹ̀ nígbà tí onídùndún bá dẹ ọsán tí ó fún mọ́ra. Àwọn kan ń fi ìlà dídagẹ̀rẹ̀ tọ́ka sí i, àwọn mìíràn ń fi àmì ohùn méjì lé orí sílébù kan. Àwọn olùkọ́ kò tíì fi ẹnu kò sórí èyí tí a ó máa lò.